Fílítà 12 dB àti 24 dB: ohun tí àwọn olùtẹ kíbọ́ọ̀dù ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń bi mí nípa póòlù

Ìtòsí Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń tún kíbọ́ọ̀dù ṣe, ibẹ̀ náà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lóde ìnáwó. Wọ́n mọ iṣẹ́. Kí olórin yí kíì padà láàárín orin láìwí fún ẹnikẹ́ni, wọ́n á bá a débẹ̀ kó tó mí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí synth, ẹ̀rọ tó ń ṣẹ̀dá ohùn orin, lórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n pàdé "LP 12" àti "LP 24", ọ̀pọ̀ á yan 24 lójú ẹsẹ̀ torí pé òun ló tóbi. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n á wá bi mí pé kí ló dé tí páàdì àwọn, ohùn rírọ̀ tó máa ń gùn lẹ́yìn orin, fi ń dún bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu. Àwọn ìbéèrè wọn nìyí, pẹ̀lú bí mo ṣe máa ń dáhùn.

Ọ̀gá, kí ni fílítà gan-an ń ṣe nínú synth?

Ẹ rántí ẹgbẹ́ onídùndún. Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, àwọn omele ń gbè é lẹ́sẹ̀. Nótì kan ṣoṣo tí ẹ bá tẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá tẹ A tó ń gbọ̀n nígbà 110 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn 110 Hz, ìyáàlù wà ní 110, àwọn omele sì wà lórí rẹ̀ ní 220, 330, 440, 550, títí lọ sókè. Àwọn omele yìí ni etí fi ń mọ ìyàtọ̀ láàárín kàkàkí àti fèrè tí wọ́n bá fun nótì kan náà.

Ìgbì eyín ayùn, èyí tí ọ̀pọ̀ ohùn synth ti ń bẹ̀rẹ̀, kó gbogbo omele dání: èkejì tó ìdajì ìyáàlù, ẹ̀kẹta tó ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ̀kẹrin ìdá kan nínú mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń han etí. Iṣẹ́ fílítà ni láti dín wọn kù. Èyí tó wọ́pọ̀ jù, low-pass (òun ni "LP" yẹn), ń jẹ́ kí ìró ìsàlẹ̀ kọjá, ó sì ń dín tòkè kù. Ojú ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ ni cutoff.

Àwọn kan máa ń fi asẹ́ ògì ṣàpèjúwe rẹ̀. Mi ò bá wọn jà, àmọ́ asẹ́ ń dá èèrí dúró pátápátá ni. Fílítà kì í dá ohunkóhun dúró pátápátá, ṣe ló ń mú kó kéré sí i bí ó ṣe ń ga sí i. Bó ṣe ń yára kéré tó ni gbogbo ọ̀rọ̀ póòlù.

Kí wá ni póòlù? Ṣé bí òpó ni?

Kò kan òpó NEPA rárá. Ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ìṣirò ni orúkọ náà ti wá, a ò sì nílò ìṣirò wọn ká tó lóye rẹ̀.

Ẹ wò ó báyìí. Òru Sátidé ni, wọ́n ń ṣe ìnáwó lẹ́yìn ilé yín. Tí fèrèsé bá ṣí sílẹ̀, ẹ ó gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ orúkọ ẹni tí olórin ń kì. Ẹ ti fèrèsé, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Ẹ bọ́ sí yàrá kejì, kí ògiri di méjì, oríkì ò ní yé yín mọ́. Nígbà tí ògiri bá fi máa pé mẹ́rin, báàsì nìkan ló kù tó ń ṣe gbì, gbì, gbì láyà yín. Ògiri kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀ lára ohun tí ògiri tó ṣáájú ṣẹ́ kù. Póòlù kan ni ògiri kan.

Nínú sẹ́kíìtì, résítọ̀ kan àti kapásítọ̀ kan ti tó póòlù kan. Kapásítọ̀ dà bí àmù, résítọ̀ sì dà bí ọ̀pá omi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń pọn omi sínú rẹ̀. Ìró ìsàlẹ̀ ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, àmù ráyè kún, ó ráyè fà, ó sì ń tẹ̀lé ìró náà dáadáa. Ìró òkè ń yí padà wàràwàrà: kí omi tó ga ní ìka kan, wọ́n ti ní kó máa padà. Ìdí nìyẹn tí ìró òkè fi ń jáde ní kékeré. Tí ẹ bá fi résítọ̀ 10 kΩ àti kapásítọ̀ 10 nF ṣe é, cutoff á bọ́ sí nǹkan bíi 1,592 Hz. Àwọn tó ń tún rédíò ṣe ní méjèèjì nílẹ̀, ẹ lè dán an wò láàárín fóònù àti sípíkà kékeré kan tó ní amplifier nínú.

Ẹ̀gbọ́n, "dB per octave" yìí ló ń dà mí lórí rú.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan la ó mú un. Octave ẹ ti mọ̀: láti A kan sí A tó tẹ̀ lé e lókè, ìgbọ̀n á di ìlọ́po méjì, 110 á di 220, 220 á di 440. dB ni òṣùwọ̀n bí ìró ṣe tóbi tó. Ohun kan péré ni kí ẹ há sórí: tí ìró bá lọ sílẹ̀ ní 6 dB, gíga ìgbì rẹ̀ ti di ìdajì.

Póòlù kan ń mú ìró lọ sílẹ̀ ní 6 dB ní gbogbo octave tó bá gùn kọjá cutoff. Nítorí náà méjì jẹ́ 12, mẹ́ta jẹ́ 18, mẹ́rin jẹ́ 24. Bí a bá ní ká sọ ọ́ lédè àwọn ọlọ́jà: póòlù kan ń fi ìdajì sílẹ̀ fún yín ní octave kọ̀ọ̀kan, póòlù méjì ń fi ìdá kan nínú mẹ́rin sílẹ̀, mẹ́ta ń fi ìdá kan nínú mẹ́jọ, mẹ́rin sì ń fi ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún.

Ẹ gbé cutoff sí 440, kí ẹ tẹ A 110 wa yẹn. Omele tó wà ní 1,760 fi octave méjì ga ju cutoff lọ. Lábẹ́ fílítà 12 dB, ó kù sí bí ìdá kan nínú 16. Lábẹ́ 24 dB, ó kù sí bí ìdá kan nínú 256, èyí tí ìlù kan ṣoṣo lè bò mọ́lẹ̀. Bí òkè tó dà gẹ̀rẹ́ ni fílítà 6 dB rí, ẹ lè ti kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Ti 24 dB ń já wálẹ̀ ṣòòrò.

Ẹ má gbàgbé pé ìgbì eyín ayùn fúnra rẹ̀ ti ń fi 6 dB lọ sílẹ̀ ní octave kọ̀ọ̀kan kó tó dé ẹnu fílítà. Ohun tí ẹ ń gbọ́ lẹ́yìn fílítà 24 dB ń já ní 30 dB nígbà náà.

Ṣé ní kété tí a bá kọjá cutoff ló ti ń já báyẹn?

Rárá, ibí sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi iṣẹ́ gbé. Ìlà fílítà kì í ṣẹ́ bí igi, ó ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni. Fún póòlù kan, ojú cutoff gan-an ti lọ sílẹ̀ ní 3 dB; octave kan sókè, ó di 7; octave méjì, ó di bíi 12. Ẹ rí i pé octave àkọ́kọ́ ò fún wa ní 6 tí wọ́n ṣèlérí, 4 péré ló fún wa.

Ẹ wá to mẹ́rin tó bára wọn dọ́gba léra. Ojú cutoff á ti lọ sílẹ̀ ní 12 dB, octave kan sókè á di 28, octave méjì á di bíi 49. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé tí synth méjì bá kọ "1,000 Hz" síwájú, tí ọ̀kan jẹ́ póòlù méjì, tí èkejì jẹ́ mẹ́rin, ti ẹlẹ́ẹ̀kejì lè ti ṣókùnkùn ní 1,000 náà gan-an. Àwọn oníṣẹ́ kan máa ń to póòlù wọn lọ́nà mìíràn kí ojú cutoff má baà ju 3 dB lọ, iye póòlù yòówù kó jẹ́. Butterworth, ará Bìrìtìkó, ló kọ nípa irú ìtò bẹ́ẹ̀ ní 1930, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì ń pè é títí di òní. Nítorí náà, tí ẹ bá ń gbé ohùn láti synth kan sí òmíràn, ẹ má da nọ́ńbà cutoff kọ. Etí ni kí ẹ fi yí i.

Kí ló dé tí synth kan fi jẹ́ 12, tí òmíràn fi jẹ́ 24?

Ohun tí etí ẹni tó ṣe é fẹ́ ni. Robert Moog ní Amẹ́ríkà to àwọn tiransísítọ̀ ní méjì méjì bí ẹsẹ̀ àkàbà, ó fi kapásítọ̀ sáàárín wọn, ìpele mẹ́rin, 24 dB. Ó gba páténtì rẹ̀ ní 1969, ó sì wà nínú synth Minimoog tó jáde ní 1970. Báàsì rẹ̀ ki, ó sì wúwo, ìyẹn ló sọ 24 dB di ohun tí gbogbo ayé ń wá.

Tom Oberheim ò gba ọ̀nà yẹn. Synth SEM tó gbé jáde ní 1974 jẹ́ 12 dB, ohùn rẹ̀ sì ń tàn ju ti Moog lọ torí pé omele púpọ̀ ń ráyè yọ lókè cutoff. Ní 1980, OB-Xa tirẹ̀ kan náà ní bọ́tìnì tí ẹ lè fi yan póòlù méjì tàbí mẹ́rin, nígbà tó sì di 1984, Xpander kó oríṣi fílítà 15 pọ̀. MS-20 ti Korg, ní 1978, fi 12 dB sí low-pass, 6 dB péré sí high-pass, èyí tó ń jẹ́ kí ìró òkè kọjá tó sì ń dín tìsàlẹ̀ kù.

TB-303 ti Roland ni wọ́n fi ń jà jù. Àwọn kan á ní 18 dB ni, àwọn kan á ní 24. Kapásítọ̀ mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọ̀kan nínú wọn kéré tó bí ìdajì àwọn yòókù, àwọn ìpele rẹ̀ sì ń fọwọ́ kan ara wọn, kò rí bíi ti ògiri tó dá dúró. Ìlà rẹ̀ ń tẹ̀ pẹ́ kó tó wá já. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n nítòsí cutoff àti ẹni tó wọ̀n ọ́n lókè réré ò lè rí nọ́ńbà kan náà. Tèmi ni pé kí wọ́n fi ìjà sílẹ̀, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé láìsí fílítà kò sí synth: DX7 ti Yamaha, 1983, kò ní fílítà rárá.

Nígbà tí mo yí resonance sókè, báàsì mi sá lọ. Ṣé synth mi ti bàjẹ́ ni?

Kò bàjẹ́. Resonance ni nọ́ọ̀bù tó ń mú kí ìró ojú cutoff lágbára sí i. Èmi náà ti jìyà rẹ̀. Níbi ìgbéyàwó kan ní Sábó ni, mo ń fi synth tẹ báàsì, mo ní kí n jẹ́ kó dún bí ẹni ń sọ̀rọ̀, mo gbé resonance lọ sókè. Báàsì pòórá. Onígìtá yíjú wò mí. Onídùndún ò yíjú, ìlù ló fi bá mi wí, mi ò sì ní kọ ohun tó sọ síbí.

Ohun tó fà á rèé. Póòlù kì í kàn dín ìró kù, ó tún ń fà á sẹ́yìn díẹ̀. Ní ojú cutoff, póòlù kan ń fa ìgbì sẹ́yìn ní dígírì 45 nínú 360 tó jẹ́ ìyípo kan. Mẹ́rin á jẹ́ 180: ìgbì ti dojú dé, ibi tó yẹ kó ga ló ti rẹlẹ̀. Nọ́ọ̀bù resonance ń bu díẹ̀ nínú ohun tó jáde, ó ń dojú rẹ̀ dé, ó sì ń dá a padà sẹ́nu ọ̀nà. Ohun tó ti dojú dé, tí a tún dojú rẹ̀ dé lẹ́ẹ̀kan sí i, ti padà dúró dáadáa. Ó wá dà bí ọmọ lórí jangirọ́fà: ìgbà tó bá ń padà lọ síwájú gan-an lẹ ń tì í, á sì máa ga sí i. Bí ìró tó wà lójú cutoff ṣe ń lágbára nìyẹn. Ìpele mẹ́rin ti dín in kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin, nítorí náà, tí ohun tí à ń dá padà bá ti tó ìlọ́po mẹ́rin, àdánù ti dí, fílítà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé fúnra rẹ̀ láìtẹ nótì kankan.

Báàsì wà nísàlẹ̀ cutoff ní tirẹ̀, póòlù ò fà á sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n bá dojú rẹ̀ dé tí wọ́n dá a padà, ara rẹ̀ ló ń bá jà. Nínú fílítà alákàbà, nígbà tó bá fi ń súfèé, báàsì ti kù sí ìdá kan nínú márùn-ún, ìyẹn ni pé ó ti fi 14 dB lọ sílẹ̀. Ẹ dín resonance kù, tàbí kí ẹ gbé ohùn synth náà sókè lórí míkísà, tàbí kí ẹ fi ìgbì mìíràn tí kò gba inú fílítà kọjá kún un nísàlẹ̀. Ẹ̀kẹta yìí ni mo ń lò lóde ìnáwó.

Ṣé òótọ́ ni pé fílítà 12 dB kò lè súfèé?

Tí ẹ bá dá ìró padà bí mo ṣe sọ lókè yẹn, kò lè ṣe é, torí póòlù méjì kì í fa ìgbì sẹ́yìn dé 180 pátápátá. SEM kì í súfèé. Ṣùgbọ́n MS-20 ń súfèé, ó tilẹ̀ ń ké bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀, torí ọ̀nà mìíràn ni ó gbà ń dá ìró padà.

Èwo ni kí n lò fún kí ni?

Fún báàsì, 24. Ẹ fẹ́ kí ìyáàlù nótì dúró, kí omele tó pọ̀ lórí rẹ̀ má di gángan àti ẹnu olórin lọ́wọ́. Fún páàdì tó ń wà lẹ́yìn àdúrà, 12 ni tèmi, kí ẹ sì gbé cutoff wálẹ̀ díẹ̀. Ìdí ni pé páàdì 24 dB máa ń dùn nínú etí-gbọ́ọ̀kì lálẹ́ nígbà tí ẹ̀yin nìkan wà, ṣùgbọ́n nínú gbọ̀ngàn tí èèyàn kún, tí fáànù ń pariwo, tí jẹnẹrétọ̀ ń dún níta, kò sí ohun tó ń yọ jáde nínú rẹ̀ mọ́. Ìró òkè díẹ̀ tí 12 dB fi sílẹ̀ ni etí fi ń mọ̀ pé páàdì wà níbẹ̀.

Fún ohùn fèrè ńlá àti tòròńpẹ́tì tí a fi ń dáhùn olórin, ẹ gbìyànjú méjèèjì. Tí envelope, ohun tó ń ṣí fílítà tó sì ń pa á dé fúnra rẹ̀ bí ẹ bá ti tẹ nótì, bá ń ṣí fílítà kíákíá, 24 ń sọ ìyàtọ̀ ìgbà tó pa dé àti ìgbà tó ṣí di ńlá, ó ń dún "wàá" gan-an. 12 kàn ń tàn sí i ni. Lóde ìnáwó mo fẹ́ràn 24, ní ṣọ́ọ̀ṣì mo fẹ́ràn 12. Tí ẹ bá ní ìdàkejì ló dùn, mi ò ní bá yín jiyàn.

Póòlù kan, 6 dB, ni wọ́n ń fojú di jù. Kì í pa ohùn lára. Tí kíbọ́ọ̀dù bá ń gún etí díẹ̀, òun ló tó.

Kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì wa kò kọ 12 tàbí 24 sí ibì kankan.

Ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù alárànǹjé kì í kọ ọ́, torí wọn ò fi yíyàn rẹ̀ lé yín lọ́wọ́. Lórí ọ̀pọ̀ Yamaha, ẹ wá "Brightness", cutoff nìyẹn, àti "Harmonic Content", resonance nìyẹn. Ẹ fi àwọn yẹn ṣe é.

Ṣé mo lè to fílítà 12 méjì léra kó di 24?

Ẹ lè ṣe é, ìdagẹ̀rẹ́ náà á sì di 24 lóòótọ́. Ohun méjì ni kí ẹ ṣọ́. Tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń fi 3 dB lọ sílẹ̀ lójú cutoff, méjèèjì á fi 6 lọ sílẹ̀, nítorí náà ẹ ó ní láti ṣí i díẹ̀ sí i. Ohun kejì ni resonance: tí ẹ bá gbé ti àwọn méjèèjì sókè níbì kan náà, òkìtì kan á gun òkìtì kejì, sípíkà á sì sọ fún yín.

Àwọn tó ń to sípíkà síta mọ àtòpọ̀ yìí dáadáa. Butterworth 12 dB méjì léra ni crossover (fílítà tó ń pín báàsì àti tòkè fún sípíkà wọn) tí wọ́n ń pè ní Linkwitz-Riley, tó ti wà láti 1976: 24 dB, tí ó fi 6 dB lọ sílẹ̀ níbi tí báàsì àti tòkè ti pàdé, kí àwọn méjèèjì lè parapọ̀ di odindi níbẹ̀.

Bọ́tìnì high-pass lórí míkísà ńkọ́?

Ohun kan náà ni, ó kàn kọjú sí ìsàlẹ̀. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní 80 tàbí 100 Hz, ní 12 tàbí 18 dB. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí máíkì oníwàásù kí ariwo afẹ́fẹ́ àti ìdún ẹsẹ̀ lórí pèpéle lè rọlẹ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ sí ọ̀nà tí báàsì ń gbà wọlé.

Band-pass póòlù mẹ́rin, ṣé 24 dB ni?

Rárá. Band-pass ń jẹ́ kí ìró àárín kọjá, ó ń dín tìsàlẹ̀ àti tòkè kù: 12 dB lọ́tùn-ún, 12 lósì. Wọ́n pín póòlù náà dọ́gba fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

48 dB wà lórí synth kan tí mo rí. Ṣé ó dára ju 24 lọ?

Ó ń yára gé ju 24 lọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wúlò fún gígé ariwo kúrò. Tí ẹ bá ń yí cutoff rẹ̀ lọ sókè sódò nínú orin, etí á máa gbọ́ omele kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì lè rẹ ẹni.

Báwo ni mo ṣe lè gbọ́ ìyàtọ̀ yìí fúnra mi láìra nǹkankan?

Ẹ gba Surge XT, ọ̀fẹ́ ni, tàbí Vital, tó ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́. Ẹ gbà á lọ́sàn-án kí iná tó lọ. Ẹ lo etí-gbọ́ọ̀kì, torí sípíkà inú láptọ́ọ̀pù kò ní báàsì tí a ó fi dá a mọ̀. Ẹ mú ìgbì eyín ayùn kan ṣoṣo, kí ẹ pa gbogbo efẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì sọ resonance di òdo. Ẹ tẹ A 110 mọ́lẹ̀, ẹ yan 12 dB, kí ẹ yí cutoff wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti òkè títí ohùn náà á fi dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ fi nọ́ọ̀bù sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ yí 12 sí 24.

Ohùn á rì. Ẹ wá ṣí cutoff títí tí ìmọ́lẹ̀ ohùn náà á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba, kí ẹ máa yí láàárín méjèèjì. Kò ní dọ́gba tán, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Ní 24, àárín ohùn á kún, òkè á dákẹ́. Ní 12, àárín á fúyẹ́, afẹ́fẹ́ díẹ̀ á máa fẹ́ lókè. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pe ẹnì kan kó máa yí i fún yín, kí ẹ̀yin sì di ojú. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa ń gbà á mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lẹ́yìn bíi ọjọ́ mẹ́ta.